Ilé-Ìwé àti Làákàyè: Èwo Ló Bí Èkejì?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, bàbá kan ló gbé e wá bá mi ní Ṣágámù níbí, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Alfa, mo fẹ́ yọ ọmọ yìí kúrò nílé-ìwé. Orí ẹ̀ ò gbàwé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń gba ipò kìíní, òun ń gbẹ́yìn. Kí n kúkú fi í síbi iṣẹ́ mẹkáníìkì, kó máa wá kéwú lọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́." Mo wo ọmọ náà. Ilé-kéwú mi ló ti ń kéwú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Nínú gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́, kò sí ẹni tó ń há Kùránì sórí tó o. Èyí tí mo bá kọ́ ọ lónìí, á kà á fún mi lọ́la láìwo wàláà. Orí tí kò gba ìwé wo wá ni bàbá ń wí?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó bi mí léèrè kan. Ó ní, "Alfa, ṣé ilé-ìwé ló ń fúnni lọ́pọlọ ni? Mo ṣebí ẹni tó bá ní i tẹ́lẹ̀ nilé-ìwé kàn ń fi hàn."

Ìbéèrè ńlá nìyẹn, àwọn àgbà onímọ̀ sì ti bá a jìjàkadì ṣáájú wa.

Nínú èdè wa, a máa ń to ọgbọ́n, ìmọ̀, òye àti làákàyè pọ̀ nínú àdúà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìmọ̀ ni ohun téèyàn gbọ́ tàbí tó kà. Òye ni kí ohun náà yé e. Ọgbọ́n ni mímọ ibi tó yẹ kó ti lò ó. Làákàyè ni ilẹ̀ tí àwọn mẹ́ta yòókù ń hù lórí rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí ilé-ìwé ń fún ọmọ, ìmọ̀ ló ń wọ̀n jù, ó ń wọn òye díẹ̀. Àwa òbí ló máa ń wò ó bí ẹni pé làákàyè gan-an ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n.

Ìmáàmù Al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, ti la ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí Ihya. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ènìyàn ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà làákàyè. Èkíní ni ẹ̀bùn àdámọ́ tó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko. Èkejì ni ohun tí ọmọ ń mọ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ti ń gbọ́njú, bíi pé méjì ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìrírí ayé kọ́ni. Ẹ̀kẹrin ni kí ènìyàn lè wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Méjì àkọ́kọ́, àbímọ́ ni. Méjì ìkẹyìn, wíwá là ń wá a. Ẹ rí i pé ẹni tó bá ní kí á mú ọ̀kan nínú "àbímọ́" àti "kíkọ́", Ìmáàmù ti dá a lóhùn.

Ibn Khaldun ló wá sọ ọ́ sójú abẹ níkòó. Tunis ni wọ́n bí i sí ní 1332, ó sì kọ Muqaddimah ní 1377. Ó ní àwọn ará Maghrib tó bá rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ ìlà-oòrùn, tí wọ́n rí bí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe já fáfá, wọ́n á rò pé làákàyè tí Ọlọ́hun dá mọ́ àwọn yẹn ju tiwọn lọ. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ tó ti pẹ́ láàárín wọn ló ń fi kún làákàyè wọn, tí àjèjì fi ń pè é ní àbímọ́. Ó tún ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan téèyàn bá kọ́ tó mọ́ ọn lára ń fi nǹkan kún làákàyè onítọ̀hún, ó sì ya ìwé kíkọ àti ìṣirò sọ́tọ̀ nínú wọn. Ìdí tó fi mẹ́nu kan ìwé kíkọ dára létí: ẹni tó ń kọ̀wé ń ti ara lẹ́tà bọ́ sínú ọ̀rọ̀, ó ń ti inú ọ̀rọ̀ bọ́ sínú ìtumọ̀, lílọ àti bíbọ̀ yìí ló ń pọ́n ọkàn rẹ̀ bí a ti ń pọ́n àdá.

Ẹnì kan lè ní, "Alfa, Ànábì wa kò kàwé, kò kọ̀wé, síbẹ̀ ta ló tó o ní làákàyè?" Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní ilé-ìwé ló ń dá ọpọlọ sílẹ̀ kó wá wí tẹnu rẹ̀ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ fún wa pé Ànábì yìí kan náà, lẹ́yìn ogun Badr, gbà kí àwọn ìgbèkùn tó mọ̀wé, tí wọn kò sì lówó ìràpadà, kọ́ ọmọ àwọn Mùsùlùmí mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìwé kíkọ kí wọ́n fi ra ara wọn padà. Abọ̀rìṣà ni àwọn tíṣà wọ̀nyẹn o! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó ń bọ̀ wá ṣe wá láǹfààní níwájú.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé ní Rẹ́mọ. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Ìjọba rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Mo fẹ́ kí ẹ ro iye tó lé yẹn wò, ó ju 350,000 lọ. Ṣé òjò ọpọlọ ló rọ̀ lóru ọjọ́ kẹrìndínlógún? Ọpọlọ wọn ti wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni kò sí.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti bí mi, ìyá kan bí ọkùnrin méjì fún bàbá kan. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́dún náà, ó ti ń bá bàbá ru obì, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, òun wọlé. Àbúrò di ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n kú láìmọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dàjà nínú ẹbí, ojúlé ẹ̀gbọ́n ni ọ̀gá ilé-ìwé ń wọ́ lọ lóru láti lọ gba ìmọ̀ràn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọyàn kan náà. Mo mọ àwọn méjèèjì, ń kò sì lè sọ fún yín títí dòní ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé jù.

Kì í sì ṣe ọjọ́ orí nìkan ló dí àwọn kan lọ́wọ́. Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa kọ̀ jálẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú ilé-ìwé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló wà, ọmọ tó bá ń jẹ́ Súlè nígbà tó wọlé lè máa jẹ́ Sámúẹ́lì nígbà tó bá ń jáde. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àsán, òun ló sì fà á tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Ansar-ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, fi dìde láti kọ́ ilé-ìwé tiwa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ṣòfò kí tiwa tó kárí. Nígbà tí ogún ọdún sì kọjá, tí wọ́n ń wá akọ̀wé, tí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń rí ọmọ ìjọ ju tiwa lọ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Mùsùlùmí kò ní ọpọlọ ìwé, pé aáyan òwò àti ìyàwó nìkan ló wà lórí wọn. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, ó sì dùn mí wọra. Ohun tí Ibn Khaldun sọ nípa Maghrib ló ṣẹlẹ̀ sí wa lójú ara wa ní Rẹ́mọ. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn kan nínú wa gbà á gbọ́.

Ó yẹ kí n sọ ti ìyá kan ní Ṣágámù tó ń ta obì gbàǹja fún àwọn Hausa tó wà ní Sábó. Kò wọ kíláàsì rí. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí òun àti àwọn mẹ́ta kan jọ fẹ́ pín obì. Ó ń ka obì ní márùn-ún márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ń yára ju ojú mi lọ. Ó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ igba méjìdínlógún ó dín mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, 3,563 nìyẹn. Kí n tó wá bírò, ó ti ní, "Kálukú gba ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́rùn-ún. Ó ku mẹ́ta. Ẹ kó o fún Alfa, kó fi ṣàdúà fún wa." Mo lọ ṣe é nílé lórí ìwé. Kò yẹ̀.

Èmi náà wá dán nǹkan wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Rọ́ṣíà kan wà, Alexander Luria, tó lọ sí Uzbekistan ní 1931 àti 1932. Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni, ibẹ̀ ni Bukhara wà, ìlú tí Ìmáàmù Bukhari ti wá. Ó bi àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé pé: ní òkè àríwá tí yìnyín pọ̀ sí, gbogbo béárì ló funfun; ibì kan tí wọ́n ń pè ní Novaya Zemlya wà ní òkè àríwá; àwọ̀ wo ni béárì ibẹ̀ ní? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn kò débẹ̀ rí, kó lọ bi ẹni tó débẹ̀. Àwọn tó ti fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé, ì báà ṣe fún ìgbà díẹ̀, dáhùn pé funfun ni. Mo bi ìyá olóbì ní ìbéèrè yìí ní Yorùbá, mo ṣàlàyé ohun tí béárì jẹ́. Ó wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Alfa, èmi ò tíì dé Kánò rí, ẹ wá ń bi mí ní tìlú òyìnbó." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì ní girama, tó ń gé ẹ̀fọ́ nítòsí, ní, "Funfun ni, sà." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá wọ́n máa ń jẹ èèyàn.

Ẹ má ṣe fi ìyá yẹn rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tí kò rí, ìwà tí kóòtù àti ẹ̀sìn wa ń fẹ́ nìyẹn. Ohun tí ilé-ìwé kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ yàtọ̀: kó gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń béèrè bí ẹni pé òótọ́ ni, kó sì fi orí rìn nínú rẹ̀ títí yóò fi kan ìdáhùn. Ohun tí ẹni tó ń ṣe òfin, tó ń po oògùn, tó ń yàwòrán afárá tí wọn kò tíì kọ́ ń ṣe nìyẹn. Kò bá a wáyé, àṣàkọ́ ni. Àmọ́ bí kò bá sí làákàyè nílẹ̀, ta ni wọn ì bá kọ́?

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo alfa nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ni èyí tí Sylvia Scribner àti Michael Cole ṣe láàárín àwọn Vai ní Liberia láàárín 1970 sí 1980, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1981. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn Vai, oríṣi ìwé mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn. Wọ́n ní ìwé tiwọn, tí ọmọ ìbílẹ̀ wọn kan, Momolu Duwalu Bukele, ṣe ní nǹkan bí ọdún 1833, tí wọn kì í kọ́ nílé-ìwé rárá, ọ̀rẹ́ ló ń kọ́ ọ̀rẹ́, bàbá ló ń kọ́ ọmọ. Wọ́n ń kéwú. Àwọn kan sì ń lọ sí ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì. Àwọn wọ̀nyí kò kúkú wọ́pọ̀ nínú ènìyàn kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Kí ni wọ́n rí? Kò sí èyí tó sọ ènìyàn di ọlọ́pọlọ pípé nínú ohun gbogbo. Ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì mú kí ènìyàn mọ bí a ti ń dáhùn irú ìbéèrè béárì yẹn, kó sì lè ṣàlàyé ìdí tóun fi dáhùn bẹ́ẹ̀. Ìwé Vai, tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn, mú kí wọ́n mọ bí a ti ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kéwú ńkọ́? Wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan fún ènìyàn kó tún un pè, wọ́n fi èkejì lé e kó pe méjèèjì, wọ́n fi ẹ̀kẹta lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ làwọn oníkéwú ti ta àwọn yòókù yọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti wàláà rí kò ní yà á lẹ́nu, bá a ṣe ń há Kùránì nìyẹn gan-an. Nígbà tí wọ́n gbé oríṣi ìrántí mìíràn kalẹ̀ tí kò bá ọ̀nà yìí mu, àǹfààní kéwú kò hàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: làákàyè wà ṣáájú ilé-ìwé, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ń pọ́n ojú ibi tó bá ń lò lára rẹ̀. Ìṣirò àwọn òyìnbó sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Norway, láti 1955 (ọdún Awólọ́wọ̀ náà ni o) títí dé 1972, ìjọba fi ọdún méjì kún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan, ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Christian Brinch àti Taryn Galloway wá wo máàkì ìdánwò làákàyè tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n ń wọ iṣẹ́ ológun. Ní 2012, wọ́n ròyìn pé ọdún kan nílé-ìwé fi tó máàkì 3.7 kún un, lórí òṣùwọ̀n tí àárín rẹ̀ jẹ́ 100. Ní 2018, Stuart Ritchie àti Elliot Tucker-Drob kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ lórí ènìyàn tó ju 600,000 lọ, wọ́n ní ọdún kan ń fi máàkì kan sí márùn-ún kún un. Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ á wá dọ́gba o. Ọlọ́hun kò pín ẹ̀bùn dọ́gba, olùkọ́ èyíkéyìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọmọ kúrò nílé-ìwé nítorí pé kò gbọ́n tó, ohun tí ì bá fi kún ọgbọ́n rẹ̀ gan-an la gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Mo ka ìṣirò kan tó gbòdo nínú rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń wò mí bọ̀ọ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá: bàbá kan ní ọsàn 96, ó pín in fún ọmọ mẹ́jọ. "Méjìlá," kí n tó pa ẹnu dé. Mo rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àní nínú gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Mo wá ní kó ka ìwé kíkà gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún mi. Ó kà á gbọnmọgbọnmọ, ojú-ewé kan gbáko. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ìka rẹ̀ wà lórí ìlà tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹnu rẹ̀ ń pè. Mo pa ìwé náà dé. Ó ń kà á lọ. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí láti ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bó ṣe ń há Kùránì lọ́dọ̀ mi, kò sì dá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mọ̀ nínú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Irinṣẹ́ tí èmi fún un ló gbé lọ síbẹ̀, ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti lò lọ́dọ̀ mi, ń kò bi í léèrè rí pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó ń kà.

Àwa alfa, ẹ má bínú, ó yẹ ká gbọ́ èyí. Ibn Khaldun ròyìn pé Kádì Abu Bakr ibn al-Arabi ti dá a lábàá láyé ọjọ́un pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá àti ìṣirò kí wọ́n tó gbé e dé Kùránì, kí ohun tó ń kà lè yé e. Ó ní àbá náà dára, àṣà ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó tún ní líle koko mọ́ ọmọ pẹ̀lú pàṣán ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́. Pàṣán wà nílé-kéwú tèmi náà títí di ọdún bí mélòó kan sẹ́yìn. Àpẹẹrẹ sì wà nítòsí. Tai Solarin tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, a kò bá a pàdé níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, torí kò gbà pé Ọlọ́hun wà. Ṣùgbọ́n ó mú kí ọmọ máa ro oko kó sì máa fi ọwọ́ ṣe ohun tó ń kọ́, mo sì ti rántí àwọn tíṣà ìgbèkùn Badr kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín.

Ní báyìí, bí kéwú bá parí nírọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ náà ń jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ìwé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má baà rí ohun tó ti há. Ní ti kéwú, kò sí sura tí ó ń kọjá mọ́ láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, ó sì ti dín eré rẹ̀ kù gan-an. Bàbá rẹ̀ ní òun á dúró títí táàmù kẹta fi máa parí. Ó wá sọ́dọ̀ wa ní Jímọ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́. Ọmọ náà ka gbólóhùn mẹ́ta nínú ojú-ewé tí kò rí rí. Ó lọ́ra bí ìgbín, ó sì ṣi ọ̀rọ̀ méjì kà. Bàbá wọlé, ó jókòó lórí ẹní, ó ní kó tún un kà.